Ìjọba méjì lórí ilẹ̀ kan: bí wọ́n ṣe dá ìgbìmọ̀ mínísítà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Írẹ́lándì

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìtàn Írẹ́lándì pé ta ló kọ́kọ́ ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ náà, ọ̀kan lè dárúkọ Cathal Brugha, òmíràn lè ní Éamon de Valera ni, ẹ ó sì tún gbọ́ orúkọ Arthur Griffith, Michael Collins àti W. T. Cosgrave. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Bí ẹ bá wá ṣí ìwé láti wo àwọn mínísítà ọdún 1922, ẹ ó rí àkójọ orúkọ méjì fún oṣù kan ṣoṣo. Collins ni mínísítà fún ètò ìnáwó nínú méjèèjì. Griffith ni ààrẹ nínú ọ̀kan, ẹ ò sì ní rí orúkọ rẹ̀ rárá nínú èkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pa ìwé náà dé.

Ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ yìí lọ́ pọ̀ ni pé a máa ń béèrè pé ta ni mínísítà kí a tó béèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni àṣẹ rẹ̀ ti wá. Láti 1919 dé 1922, orísun àṣẹ méjì ló ń figagbága ní Írẹ́lándì. Àwọn kan ní àwọn aráàlú tó dìbò ló ni àṣẹ, wọ́n sì ti gbé e lé Dáil Éireann, ilé aṣòfin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dublin, lọ́wọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ sọ pé ọba àti ilé aṣòfin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló lè fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Bí ẹ bá di ìbéèrè yìí mú, gbogbo àyípadà tó dé bá kábínẹ́ẹ̀tì ní ọdún mẹ́rin yẹn yóò yé yín.

Àwọn tí kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1918 ni wọ́n dìbò sí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì. Ìjókòó 105 ló jẹ́ ti Írẹ́lándì níbẹ̀, ẹgbẹ́ Sinn Féin tó ń jà fún òmìnira sì gba 73 nínú rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún àwọn olùdìbò tẹ́lẹ̀ pé àwọn kò ní lọ jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò sì lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní 1919, àwọn tí ọwọ́ ìjọba kò tíì tẹ̀ nínú wọn pàdé ní Mansion House ní Dublin, wọ́n sì kéde pé àwọn ni Dáil Éireann, ilé aṣòfin ilẹ̀ Írẹ́lándì. Wọn kò tó ọgbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ, ìdáhùn tó ń wá fún ọ̀pọ̀ jù ni pé ẹni náà wà ní àhámọ́ àwọn àjèjì.

De Valera, olórí ẹgbẹ́ náà, wà lára àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan Cathal Brugha ṣe olórí ìjọba ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú mínísítà mẹ́rin péré: Eoin MacNeill fún ìnáwó, Collins fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Count Plunkett fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Richard Mulcahy fún ètò ààbò. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Dublin yóò mọ Cathal Brugha Street ní àárín ìlú. Ọkùnrin yìí ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ṣe ló ń bá ẹlòmíràn tọ́jú àga. De Valera sá jáde lẹ́wọ̀n Lincoln ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, Collins wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin, Brugha dìde kúrò lórí àga, de Valera jókòó.

Kábínẹ́ẹ̀tì de Valera fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Collins bọ́ sí ìdí ìnáwó, Brugha gba ètò ààbò, Griffith gba ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Cosgrave gba ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, Constance Markievicz sì gba ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Markievicz yìí ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì kọ̀, kò jókòó níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọgọ́ta ọdún kọjá kí obìnrin mìíràn tó di mínísítà nínú kábínẹ́ẹ̀tì ní Írẹ́lándì, ìyẹn ní 1979. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń kọ ìtàn àwọn mínísítà àkọ́kọ́ máa rántí èyí.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1919, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de Dáil. Láti ìgbà náà, mínísítà tó bá ń ṣiṣẹ́ ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ ni, láti ilé kan sí òmíràn, kí ọlọ́pàá má baà gbé e. Síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ. Collins ṣètò owó yíyá lọ́wọ́ aráàlú, Dáil ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń gbé ẹjọ́ lọ, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sì kọ̀wé pé Dáil làwọn mọ̀, àwọn ò mọ Lọ́ńdọ̀nù mọ́. De Valera fúnra rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà fún ohun tó lé ní ọdún kan, láti oṣù Kẹfà 1919 títí di ìparí 1920. Griffith ló ń dípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Griffith ní oṣù Kọkànlá 1920, Collins ló di adelé. Èyí ni kò jẹ́ kí orúkọ olórí ìjọba dọ́gba nínú àwọn ìwé kan: ẹni tó ni oyè wà lókè òkun, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wà nílé.

Àwọn méje tó jókòó yí tábìlì ká

Wọ́n dá ìjà tó ń lọ láàárín àwọn ọmọ ogun Írẹ́lándì àti ti Gẹ̀ẹ́sì dúró ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 1921. Ní oṣù Kẹjọ, Dáil tuntun jókòó, de Valera gba oyè Ààrẹ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Írẹ́lándì, ó sì dín kábínẹ́ẹ̀tì kù sí ènìyàn méje: òun alára, Griffith tó ti bọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Collins, Brugha, Cosgrave, Austin Stack fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, àti Robert Barton fún ọrọ̀ ajé. Àwọn yòókù ṣì ń jẹ́ mínísítà, wọ́n sì ń darí iléeṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sí níbi tí wọ́n ti ń gbé ìpinnu kalẹ̀ mọ́. Markievicz àti Plunkett wà lára àwọn tó bọ́ síta báyìí.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sáré kọjá rẹ̀ bí ẹni pé ètò iléeṣẹ́ lásán ni.

Ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyẹn ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1921, Griffith àti Collins ṣáájú àwọn aṣojú Írẹ́lándì tó fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. De Valera kò bá wọn lọ. Ohun tí àdéhùn náà fún wọn ni orílẹ̀-èdè tó ń ṣàkóso ara rẹ̀ bíi Kánádà, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì jẹ́ olórí rẹ̀, tí àwọn aṣòfin yóò sì búra pé àwọn yóò ṣe olóòótọ́ sí ọba náà. Apá Àríwá sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ara rẹ̀ kúrò. Àwọn ènìyàn méje yìí jókòó lé e lórí ní Dublin ní ọjọ́ 8. Griffith, Collins àti Barton ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì dúró lórí ohun tí wọ́n ṣe. De Valera, Brugha àti Stack kọ̀ ọ́. Ó ku Cosgrave, ẹni tí kì í pariwo, tí àwọn ènìyàn kò kà sí ọ̀kan lára àwọn alágbára inú ìgbìmọ̀ náà. Cosgrave gbè é. Mẹ́rin sí mẹ́ta.

Ẹ wá wò ó. Nígbà tí gbogbo Dáil dìbò lórí àdéhùn yẹn, Markievicz àti Plunkett kọ̀ ọ́. Ká ní àwọn méjèèjì ṣì wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ 8, tí wọ́n sì dìbò bákan náà, márùn-ún ì bá kọ àdéhùn, mẹ́rin ì bá gbà á. Èmi ò sọ pé èyí ì bá yí ìtàn padà, torí Dáil ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí Griffith dé iwájú Dáil pẹ̀lú àtìlẹ́yìn kábínẹ́ẹ̀tì, ọ̀tọ̀ ni kó dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá lẹ́bi. De Valera ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò tábìlì náà.

Ìbò Dáil jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 1922: 64 gba àdéhùn, 57 kọ̀ ọ́. De Valera fi ipò sílẹ̀, ó tún ní kí wọ́n yan òun padà, ó sì fi ìbò méjì péré kùnà, 60 sí 58. Ní ọjọ́ 10, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde kúrò nínú ilé, àwọn tó kù sì yan Griffith.

Ìwé ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹbí, ìwé ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba

Àdéhùn náà ní kí wọ́n gbé Ìjọba Fìdíhẹ kalẹ̀ tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí orílẹ̀-èdè tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò yan ìjọba yìí? Ẹnikẹ́ni yóò rò pé Dáil ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba ìyẹn, nítorí tí wọ́n bá ti gba Dáil, wọ́n ti gba pé orílẹ̀-èdè olómìnira ti wà láti 1919 nìyẹn. Nítorí náà, àdéhùn sọ pé àwọn tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin Gúúsù Írẹ́lándì ni kó pàdé.

Ilé aṣòfin wo nìyẹn? Òfin Lọ́ńdọ̀nù ti ọdún 1920 ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò sí i ní oṣù Karùn-ún 1921, Sinn Féin gba 124 nínú ìjókòó 128 láìsí ẹni tó bá wọn dù ú, wọ́n sì sọ pé ìbò Dáil làwọn fi ṣe. Àwọn mẹ́rin tó ku, tí Yunifásítì Trinity yàn, nìkan ló yọjú gẹ́gẹ́ bí aṣòfin tí wọ́n dìbò yàn nígbà tí wọ́n ṣí i. Èyí ni pé orí ìwé ni ilé náà wà, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ sì ni àwọn aráa Dáil gan-an.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 1922, àwọn tó gba àdéhùn nínú wọn pàdé pẹ̀lú àwọn mẹ́rin Trinity, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n yan Ìjọba Fìdíhẹ, wọ́n sì tú ká. Wọn kò pàdé mọ́ láé. Collins ni alága ìjọba náà. Báyìí ni Írẹ́lándì ṣe ní ìjọba méjì: ìjọba Dáil tí Griffith jẹ́ ààrẹ rẹ̀, àti Ìjọba Fìdíhẹ tí Collins ń darí.

Ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ kó yé wa jù ni ti ẹni tó ra ilẹ̀, tó gba ìwé lọ́wọ́ ẹbí tó ni ilẹ̀, tó tún lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ilẹ̀ kan náà ni. Ẹbí kò ní ka ìwé ìjọba sí, ilé ẹjọ́ sì lè má ka ìwé ẹbí sí, torí náà ẹni tó bá fẹ́ sùn dáadáa yóò ní méjèèjì. Dáil ni ìwé tí àwọn ará Írẹ́lándì mọ̀. Ìjọba Fìdíhẹ ni ìwé tí Lọ́ńdọ̀nù mọ̀.

Ìdí nìyí tí orúkọ fi ń ṣe ìlọ́po. Collins di mínísítà ìnáwó nínú méjèèjì. Cosgrave ń bójú tó ìjọba ìbílẹ̀ nínú méjèèjì, Eamonn Duggan ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Kevin O'Higgins ọrọ̀ ajé. Àwọn bíi Patrick Hogan fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti Joseph McGrath fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà nínú Ìjọba Fìdíhẹ. Griffith, tó jẹ́ ààrẹ Dáil, kò sí nínú rẹ̀. George Gavan Duffy tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Dáil kò sí nínú rẹ̀. Mulcahy, mínísítà ètò ààbò, kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àìsí tirẹ̀ ló sì ṣe pàtàkì jù. Orílẹ̀-èdè olómìnira ni àwọn ọmọ ogun ti búra fún, abẹ́ Dáil ni wọ́n wà. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mínísítà wọn ti di òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin Lọ́ńdọ̀nù gbé kalẹ̀, ìdajì wọn yóò yapa. Nígbẹ̀yìn wọ́n yapa náà: ní oṣù Kẹta 1922, apá ńlá lára àwọn ọmọ ogun ní àwọn kò gba àṣẹ lọ́dọ̀ Dáil mọ́, ní àárín oṣù Kẹrin sì ni wọ́n gba ilé ẹjọ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní Four Courts ní Dublin.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní, Collins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Dublin Castle, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣàkóso Írẹ́lándì láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Lójú aṣojú ọba, ẹni tó ń jẹ́ FitzAlan, ìjọba ọba ń gbé iṣẹ́ lé ìjọba tuntun lọ́wọ́ ni. Nínú ìkéde tí Ìjọba Fìdíhẹ gbé jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n kọ ọ́ pé Dublin Castle ti túúbá fún àwọn. Ìpàdé kan ṣoṣo ni o, olúkúlùkù sì kọ ohun tí ìwé tirẹ̀ gbà á láyè láti kọ.

Kábínẹ́ẹ̀tì tí kò wáyé

Ẹ ó rí kábínẹ́ẹ̀tì kan nínú ìtàn ọdún 1922 tí kò sí lórí àkójọ kankan. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, Collins àti de Valera fẹnu kò pé kí apá méjèèjì lọ síbi ìdìbò pẹ̀lú àkójọ olùdíje kan ṣoṣo, kí wọ́n sì jọ ṣe ìjọba lẹ́yìn rẹ̀: ààrẹ, mínísítà ààbò tí yóò ṣojú àwọn ọmọ ogun, àti mínísítà mẹ́sàn-án mìíràn, márùn-ún láti apá tó pọ̀ jù, mẹ́rin láti apá kejì. Ohun tí Collins ń wá ni pé kí ogun má bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ inú ló fi ṣe é.

Ibi tó ti há ni ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn sọ pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Ìjọba Fìdíhẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun gba àdéhùn. De Valera àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù sì sọ fún Collins pé kábínẹ́ẹ̀tì tó bá gbà wọ́n wọlé ti da àdéhùn. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà. Àwọn tó gba àdéhùn ní 58, àwọn tí kò gbà á ní 36, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 17, àwọn àgbẹ̀ ní 7, àwọn yòókù pín 10. Ní ọjọ́ 28, àgbá Ìjọba Fìdíhẹ ń dún sí Four Courts, ogun abẹ́lé sì ti dé.

Ogun yẹn jẹ àwọn tí orúkọ wọn ti fara hàn nínú àlàyé yìí. Brugha, olórí ìjọba àkọ́kọ́, kú ní ọjọ́ 7 oṣù Keje lẹ́yìn tí ìbọn bà á ní Dublin. Àwọn ọmọ ogun ìjọba tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ń darí ló yìnbọn náà. Collins lọ gba olórí ogun, ó fi iṣẹ́ alága sílẹ̀ fún Cosgrave láti máa bá a ṣe é. Gavan Duffy kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe pa ilé ẹjọ́ Dáil tì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, Griffith ṣubú lulẹ̀, ó sì kú lójijì, ẹni ọdún 51 ni. Ní ọjọ́ 22, wọ́n yìnbọn pa Collins ní Béal na Bláth ní agbègbè Cork, kò tíì pé ọdún 32. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ìjọba méjèèjì pàdánù olórí wọn.

Cosgrave ló bọ́ sí i. Ó di alága Ìjọba Fìdíhẹ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ. Nígbà tí Dáil tuntun jókòó níkẹyìn ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yàn án ṣe ààrẹ Dáil náà, àwọn mínísítà kan ṣoṣo ló sì wà láti ọjọ́ yẹn lọ. Ikú àwọn méjì ló sọ ìjọba méjì di ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé Dáil tó jókòó lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń pè ní Dáil Kẹta. Wọ́n ka ti 1919 sí Èkíní, wọ́n ka ti 1921 sí Èkejì, wọn kò sì ka ilé aṣòfin tó pàdé lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kìíní 1922 rárá. Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn títí dòní; èyí tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù Kọkànlá 2024 ni Dáil Kẹrìnlélọ́gbọ̀n.

Lẹ́yìn ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1922

Lọ́jọ́ yìí ni orílẹ̀-èdè tí àdéhùn ṣèlérí bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin, kábínẹ́ẹ̀tì sì gba orúkọ tuntun, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ, pẹ̀lú Cosgrave gẹ́gẹ́ bí ààrẹ rẹ̀ àti O'Higgins gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Ìwé òfin wọn ní ohun kan tó máa ń tún da àwọn ènìyàn rú: ó fàyè gba àwọn mínísítà tí kò sí nínú Ìgbìmọ̀ náà, tí Dáil ń yàn ní tààràtà, tí olúkúlùkù wọn sì ń dá jẹ́jọ́ iṣẹ́ rẹ̀ níwájú Dáil. Hogan ti iṣẹ́ àgbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, J. J. Walsh ti iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Èrò náà ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ lè ṣe é láìkó sínú ìjà òṣèlú. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ Cosgrave kan náà ni wọ́n ń yàn, nígbà tó sì fi máa di ìparí 1927 wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àléébù kejì gùn ju ìyẹn lọ. Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ kò lágbára láti yọ mínísítà kan ṣoṣo. Bí ẹni náà kò bá fúnra rẹ̀ lọ, àfi kí gbogbo ìgbìmọ̀ kọ̀wé sílẹ̀ kí wọ́n tún un yàn. Nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gágun ní oṣù Kẹta 1924, McGrath fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fipò sílẹ̀, Mulcahy náà sì ṣe bẹ́ẹ̀.

De Valera, tó padà sórí àlééfà ní 1932, ló yí èyí padà. Òfin ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1937 fún olórí ìjọba ní oyè Taoiseach, ó sì fún un lágbára láti ní kí mínísítà kọ̀wé fipò sílẹ̀. Bí mínísítà bá kọ̀, Taoiseach yóò sọ fún ààrẹ orílẹ̀-èdè kó yọ ọ́. Ní oṣù Karùn-ún 1970, Taoiseach Jack Lynch lo agbára náà lórí mínísítà méjì, Charles Haughey àti Neil Blaney, nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ kó ìbọn wọ ìlú. Ààrẹ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ìwé ìyọnípò wọn jẹ́ ẹni ọdún 87, orúkọ rẹ̀ sì ni Éamon de Valera.